Tí Wọ́n Bá Dá Yín Lóró ní Àgọ́, Tí Ẹ sì Fẹ́ Gba Kóòtù Lọ: Ìtọ́sọ́nà Ààbò fún Ará Òṣogbo

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá: "Tí mo bá pe àwọn ọlọ́pàá tó lù mí lẹ́jọ́, ṣé wọn ò ní padà wá gbé mi?" Wọ́n lè dán an wò. Ìdí nìyẹn tí ètò ààbò fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwé ẹjọ́. Òdì rẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe: wọ́n á sáré bá lọ́yà, wọ́n á pe ẹjọ́, bélífù, òṣìṣẹ́ kóòtù, á já ìwé fún àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ilé tí wọ́n ti wá gbé àwọn lọ́jọ́sí làwọn ṣì ń sùn.

Ẹni tí wọ́n dá lóró, ẹbí rẹ̀, àti ọ̀rẹ́ tó ń bá a sáré kiri ni mo kọ èyí fún. Kò lè dípò lọ́yà o. "Ọlọ́pàá" ni mo máa dárúkọ jù nítorí àwọn lẹ ń béèrè nípa wọn jù. Tó bá jẹ́ sójà, sífú dífẹ́ǹsì tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn ló ṣe é, ọ̀nà kan náà ni.

## Ohun tí òfin ti fi lé yín lọ́wọ́

Ẹ há mẹ́rin yìí sórí, ó tó láti bẹ̀rẹ̀:

- Abala 34 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró, wọn ò sì gbọ́dọ̀ hùwà tó ń tàbùkù ẹni sí i. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn wà lábẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn.
- Òfin tó ka ìdálóró léèwọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2017, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 25. Tí ẹni náà bá tibẹ̀ kú, ẹjọ́ ìpànìyàn ni. "Ọ̀gá mi ló ní kí n ṣe é" kì í ṣe àwíjàre. Òfin yìí kan náà ló ní kí wọ́n dáàbò bo ẹni tó fẹjọ́ sùn lọ́wọ́ ìhàlẹ̀ àti ìyà mìíràn.
- Abala 35: tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e dé iwájú adájọ́. Kóòtù pọ̀ ní Òṣogbo, kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín níbí pé ó jìnnà.
- Sítétímẹ́ǹtì tí wọ́n fi ìyà gbà lẹ́nu èèyàn, kóòtù ò gbọdọ̀ fi dá a lẹ́bi.

## Wákàtí 72 àkọ́kọ́

1. Ilé ìwòsàn ló ṣáájú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Asúbíaró tàbí UNIOSUN Teaching Hospital. Nọ́ọ̀sì àdúgbò lè di ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò lè kọ ìwé tí adájọ́ máa gbára lé. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ lè gba ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí.

Ìkìlọ̀: lẹ́yìn lílù tó pọ̀, tí ìtọ̀ bá dúdú bí omi àgbo, tàbí tí kò jáde dáadáa mọ́, ẹ má dúró dọjọ́ kejì. Ẹran ara tí wọ́n ti lù bàjẹ́ máa ń tú oró sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì ń bà jẹ́. Ẹni tí ọgbẹ́ ìta rẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ lè tibẹ̀ kú.

Tó bá jẹ́ ọta ìbọn, òfin 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà sọ pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ tọ́jú yín láìbéèrè ìwé ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n òfin yẹn náà ní kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹbí méjì ó kéré tán àti lọ́yà ti wà níbẹ̀ kí wákàtí méjì náà tó pé.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n fipá bá èèyàn lò pọ̀, kó má wẹ̀, kó má pààrọ̀ aṣọ kó tó rí dókítà. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Bó bá ṣe yá tó ló dára tó. Obìnrin lè ní dókítà obìnrin lòun fẹ́.

2. Ẹ sọ ẹni tó ṣe é. Àṣìṣe tó ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù nìyí. Ẹ̀rù á ba èèyàn, á ní "mo ṣubú lórí ọ̀kadà ni." Dókítà á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú káàdì. Ní oṣù mélòó kan sígbà yẹn, lọ́yà àwọn ọlọ́pàá á gbé káàdì náà dìde ní kóòtù. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: ọlọ́pàá ni, àgọ́ báyìí ni, ohun báyìí ni wọ́n fi lù mí, iye ìgbà báyìí. Ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó kúrò.

3. Ohun tí ó yẹ kó wà nínú ìwé dókítà. Ìwé atọ́nà kan wà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń lò, Istanbul Protocol lorúkọ rẹ̀. Ẹ lè dárúkọ ẹ̀ fún dókítà. Ohun tí ó ń béèrè kò le:

- ibi tí ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lára, bó ṣe gùn tó, àwọ̀ rẹ̀;
- àwòrán ara èèyàn tí wọ́n sàmì sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀;
- etí, tí wọ́n bá gbá yín létí (ìlù etí máa ń ya láìṣẹ̀jẹ̀);
- àtẹ́lẹsẹ̀, tí wọ́n bá fi igi lù ú, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àpá;
- ọrùn ọwọ́ àti apá, tí wọ́n bá so yín rọ̀;
- oorun, ẹ̀rù, àlá burúkú;
- ọ̀rọ̀ dókítà fúnra rẹ̀ lórí bóyá ọgbẹ́ náà bá ohun tí ẹ sọ mu.

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, òun náà sì ni àwọn dókítà sábà máa ń fò. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè fún un.

4. Fọ́tò. Ẹ yà á nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ má lo fílítà. Ẹ ya gbogbo ara pẹ̀lú ojú kọ́kọ́, kí ẹ tó wá sún mọ́ ọgbẹ́, kí rúlà tàbí owó ẹyọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ̀jẹ̀ dídì abẹ́ awọ kì í hàn lọ́jọ́ kìíní tó bó ṣe máa hàn lọ́jọ́ kẹta, nítorí náà ẹ tún un yà. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, ó sì ń yọ ọjọ́ àti àkókò kúrò lára rẹ̀; tí ẹ bá máa fi ránṣẹ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì tàbí kí ẹ gba ímeèlì. Ẹ má ta fóònù tí ẹ fi yà á. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ìwé-ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí ohun bẹ́ẹ̀ ti jáde, ẹni tó ya fọ́tò ló sì sábà máa ń fọwọ́ sí i.

5. Aṣọ. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ìyá kan ní Òkè-Baálẹ̀ fi ọṣẹ dúdú fọ ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi lọ pátápátá, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó wá gbé e fún lọ́yà pé ẹ̀rí rèé. Ìfẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí aṣọ gbẹ nínú ilé, ẹ fi pépà wé e, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá á jẹ́ kó bu. Ẹ kọ ọjọ́ sí ara rẹ̀.

6. Ìtàn. Ẹ̀ẹ̀kan ni kẹ́ni náà sọ ọ́ ní kíkún, kí ẹnì kan tó fọkàn tán kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí kó gbà á sórí fóònù. Kí gbogbo mọ̀lẹ́bí má wá jókòó yí i ká kí oníkálukú máa ní "tún un sọ." Ó ń dún un, ọ̀rọ̀ tó bá sì sọ ní ìgbà márùn-ún á yàtọ̀ síra níbì kan, ibẹ̀ ni wọ́n máa rọ̀ mọ́.

## Tí ó bá ṣì wà ní àhámọ́

Ẹ má dúró dìgbà tó bá jáde.

1. Ẹ gbé oúnjẹ lọ lójoojúmọ́, kí èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa gbé e. Wọ́n kì í fẹ́ lu ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ojú ń wò.
2. Ẹ béèrè pé kí dókítà tí ẹ̀yin fúnra yín yàn wá yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin 2017 fún un ní ẹ̀tọ́ yẹn. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ̀ àti àkókò sílẹ̀.
3. Ẹ má san owó béèlì. Béèlì kò ní owó. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ọmọ yín wà nínú ọgbà wọn á ní mò ń sọ̀rọ̀ ìwé. Tó bá di dandan pé ẹ san án kí ọmọ má bàa kú, ẹ gba báńkì san án, kó má jẹ́ owó ọwọ́, kí ìtọpasẹ̀ lè wà.
4. Ẹlòmíràn lè búra ní orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì pe ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 gbà á bẹ́ẹ̀.

## Ètò ààbò, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan

Ọ̀sẹ̀ tí bélífù bá já ìwé ló léwu jù. Ìgbà yẹn ni àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ á kọ́kọ́ rí orúkọ ara wọn lórí ìwé kóòtù, inú á sì bí wọn kí ọ̀gá wọn tó bá wọn wí. Ẹ ṣe nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ dè é.

1. Ibùsùn. Ẹ wá ilé mìíràn tí ẹ lè sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní Ẹdẹ, Ìkìrun tàbí Iléṣà, níbi tí ẹ ti ní ará. Kí ó má jẹ́ ilé oníbéèlì yín, nítorí àdírẹ́sì oníbéèlì wà lọ́wọ́ wọn ní àgọ́.
2. Ẹni tó ń mọ ibi tí ẹ wà. Èèyàn kan ṣoṣo, kì í ṣe gbogbo ilé. Ẹ fi àkókò sí i tí ẹ máa pè é láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Tí ìpè bá fi wákàtí kan kọjá àkókò, kó pe lọ́yà. Kó má kọ́kọ́ máa wá yín kiri.
3. Ẹ̀dà ìwé. Mẹ́ta: ti lọ́yà, ti ẹbí tó jìnnà sí Òṣogbo, ẹ̀kẹta, pẹ̀lú fọ́tò àti fídíò, lórí ímeèlì. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín nìkan, ẹ kà á sí ohun tó ti sọnù.
4. Fóònù. Ẹ pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, ẹ pa àmì tó ń sọ ibi tí ẹ wà. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ náà sí Facebook kí ìwé tó wọ kóòtù. Mo mọ̀ pé ariwo máa ń dáàbò bo èèyàn nígbà mìíràn, pàápàá tí ẹni náà bá ṣì wà ní àhámọ́. Tí ó bá ti jáde, kí lọ́yà ló pinnu ìgbà tí ẹ máa pariwo.
5. Àwọn ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ẹ jọ wà nínú sẹ́ẹ̀lì, aládùúgbò tó gbọ́ igbe, oníkẹ̀kẹ́ tó gbé yín lọ sílé. Ẹ gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ kíákíá, ẹ má kọ orúkọ wọn sínú pẹtísọ̀n (ìwé ẹ̀sùn) tó máa kọ́kọ́ lọ. Orúkọ tí kò ṣe dandan kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀.
6. Oníbéèlì. Ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè: "Mú ẹni tó o dúró fún wá." Kó mọ̀ pé lọ́yà ló máa dáhùn.
7. Ṣọ́ọ̀bù. Ta ló máa tà? Ta ló máa mú ọmọ wálé láti ilé ìwé? Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kú nítorí pé owó ilé tán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni halẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ń fẹ́ àkíyèsí. Òfin ẹ̀rí ní kí àdírẹ́sì ilé ẹni tó búra wà nínú àfidáfíìtì (ìwé ìbúra), ẹ̀dà rẹ̀ á sì dé ọwọ́ àwọn tí ẹ pè lẹ́jọ́. Ẹ má purọ́ nínú ìbúra. Ilé yín gan-an ni kí ẹ kọ, ilé tí ẹ sá lọ fún ìgbà díẹ̀ kò kàn wọ́n. Àdírẹ́sì tí wọ́n máa já ìwé sí, kí ó jẹ́ ọ́fíìsì lọ́yà.

## Ọ̀nà wo lẹ máa gbà?

Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní kóòtù gíga. Èyí ni mo máa kọ́kọ́ gbà yín níyànjú. Abala 46 nínú ìwé òfin ló ṣí i sílẹ̀: ẹ lè pè é tí wọ́n bá ti tẹ ẹ̀tọ́ yín lójú, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, tàbí tí ó hàn pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ ti máa pè é. Kò ní gbèdéke ọdún, àfidáfíìtì ni wọ́n sì fi ń gbọ́ ọ jù, nítorí náà ẹ lè máà dúró níwájú ẹni tó lù yín láti máa ka ìyà yín.

Ẹjọ́ gbà-máà-bínú lásán, tí kò gba ọ̀nà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ ṣọ́ra. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba fún yín ní oṣù mẹ́ta péré láti fi pè é. Ọ̀pọ̀ ti pẹ́ jù kí wọ́n tó mọ̀.

Ẹjọ́ ọ̀daràn. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa rojọ́ yẹn, ìjọba ni. Pẹtísọ̀n lẹ máa kọ, sí Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá àti sí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní Abẹ́rẹ́. Ẹ má gbé e lọ sí àgọ́ tí wọ́n ti lù yín. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀dà tí kò ní òǹtẹ̀, bí ẹni tí kò lọ ni.

NHRC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lò ó pẹ̀lú kóòtù, ẹ má fi dípò rẹ̀. Ànfààní rẹ̀ fún ààbò ni pé àjọ kan tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá ti ní fáìlì yín.

Kóòtù ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Àbújá. Kò pọn dandan kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí kóòtù ilé. Orílẹ̀-èdè lẹ máa pè lẹ́jọ́ níbẹ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá kan, ẹ ò sì lè fi orúkọ pamọ́.

Tí kò bá sówó lọ́yà: Legal Aid Council ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba là kalẹ̀. Ẹ̀ka Òṣogbo ti ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, NBA, náà lẹ lè tọ̀ lọ. Ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó gbà á: "Ṣé ẹ ti pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ rí?" Ẹni tó ń bá DPO (ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá) jẹun ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lè jẹ́ lọ́yà tó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ẹjọ́ yìí.

## Pípe ẹjọ́

1. Lọ́yà á kọ ìwé ìpẹ̀jọ́ náà, ìwé tó sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ ń béèrè, àfidáfíìtì, àti àlàyé lórí òfin. Ẹ ka àfidáfíìtì náà pátá kí ẹ tó búra. Tí ẹ ò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún yín, kí ó sì hàn nínú ìwé pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀.
2. Ìyà náà ni kí ó jẹ́ kókó ẹjọ́. Tí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ gbèsè tàbí ilẹ̀ tó fa ìjà ṣíwájú, kóòtù lè da ẹjọ́ náà nù pé kì í ṣe ti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.
3. Bí wọ́n bá jọ lu èèyàn mẹ́ta, kí oníkálukú pe tirẹ̀. Àwọn adájọ́ ò fẹnu kò lórí ìpẹ̀jọ́ àpapọ̀. Kí ló dé tí ẹ máa fi ààbò yín ta tẹ́tẹ́?
4. Ní ọjọ́ kan náà, kí lọ́yà béèrè àṣẹ ìgbà díẹ̀ láìdúró de ìhà kejì, pé kí wọ́n má mú yín, kí wọ́n má halẹ̀, kí nǹkan wà bó ṣe wà. Ìlànà 2009 gbà á. Ẹ̀rí ìhàlẹ̀ ni kí ẹ fi tì í, kì í ṣe ẹ̀rù lásán.
5. Kí àṣẹ náà dé ọwọ́ Kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá àti DPO, kí ẹ̀dà kan wà lápò yín níbikíbi tí ẹ bá ń lọ.

Ìlànà ní kí wọ́n fi ìgbẹ́jọ́ sí àárín ọjọ́ 7. Ẹ má fi ọkàn sí i. Ètò ààbò yín, ẹ ṣe é bíi pé ó máa tó oṣù púpọ̀.

## Àwọn tí wọ́n máa rán sí yín

Kì í ṣe ìbọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Àgbà ni. Lánlọ́ọ̀dù, alága àdúgbò, ìmáàmù, pásítọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá tó san owó ilé ìwé yín. Nígbà mìíràn ìyàwó ọlọ́pàá náà ló máa wá, ọmọ lẹ́yìn, á sì kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìdí ìbọn lu yín kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín kí ẹ tó lọ.

Ibí ni ẹjọ́ púpọ̀ máa ń kú sí, nítorí kò sí ìgbá etí nínú rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ yín gan-an ni wọ́n fi ń mú yín. Ohun tí ẹ máa ṣe:

1. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ fún wọn ní omi. Ẹ má ṣe dá gbà wọ́n. Kí ẹnì kan jókòó tì yín.
2. Ẹ ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, kí ẹ máa tún un sọ: "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, bàbá. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a sọ ọ́." Ẹ má fi àlàyé kún un. Àlàyé ló ń bí àríyànjiyàn.
3. Ẹ má gba owó, ì báà jẹ́ "owó oògùn." Ní kóòtù, wọ́n á ní ẹ ti gbà-máà-bínú.
4. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan nílé tàbí ní àgọ́. Mo ti rí irú ìwé yẹn: ìlà mẹ́rin péré, "ẹnikẹ́ni kò lù mí, èmi fúnra mi ni mo yọ ẹjọ́ mi," ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i sì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́.
5. Tí wọ́n bá lọ tán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, orúkọ, ohun tí wọ́n sọ, ohun tí wọ́n gbé wá.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ parí ẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀tọ́ yín ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ dójú tì yín. Àmọ́ kí àwọn lọ́yà méjèèjì kọ ọ́, kí kóòtù sọ ọ́ di ìdájọ́ àdéhùn. Nígbà náà, tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́, ẹ ní ibi tí ẹ máa padà sí.

## Bí ìhàlẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀

Ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ má jà, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ kí nọ́ńbà àti àkókò hàn, ẹ fi í ránṣẹ́ sí lọ́yà lọ́jọ́ náà. Àfidáfíìtì àfikún ni yóò fi ṣe.

"Wá sí àgọ́, DPO fẹ́ rí ẹ." Ẹ má kọ̀ pátápátá, wọ́n á ní ẹ sá. Kí lọ́yà dá wọn lóhùn, kí òun àti ẹ̀yin jọ lọ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tàbí Ìṣẹ́gun. Ẹ má lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé ní ọ̀sán Ẹtì, ó di ọjọ́ Ajé kí kóòtù tó ṣí. Bákan náà ni tí béèlì yín bá ní ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ máa yọjú: ẹ má dá lọ.

Wọ́n mú yín. Orúkọ yín àti "mo fẹ́ rí lọ́yà mi," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 35 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ óò fi rí i. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀sùn tuntun dìde (ìdigunjalè tàbí ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wọ́n sábà ń lò), ẹ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé iwájú májísíréètì, kí wọ́n tó pe ẹjọ́ kejì: pé wọ́n lù yín, pé ẹjọ́ yín wà ní kóòtù gíga, nọ́ńbà rẹ̀ rèé. Ẹ fi ọgbẹ́ hàn, ẹ ní kí adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi yín ránṣẹ́ sí ọgbà ní Iléṣà, ẹ tún un sọ fún oníṣègùn ọgbà lọ́jọ́ tí ẹ wọlé.

Wọ́n tẹ àṣẹ kóòtù lójú. Kí lọ́yà gba Fọ́ọ̀mù 48, kí wọ́n já a fún wọn pẹ̀lú àṣẹ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ Fọ́ọ̀mù 49, tó ń ní kí ẹni náà wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó ṣẹ̀wọ̀n. Orúkọ ènìyàn ló máa ń wà níbẹ̀, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá lásán, ìyẹn ló fi ń ká wọn lára.

## Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́

Ẹ lọ pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ tètè dé, kí ẹ jókòó sí ìhà lọ́yà yín. Ẹ má bá ọlọ́pàá kankan sọ̀rọ̀ ní kọ́rídọ̀, kódà kó kí yín, ẹ dá a lóhùn kí ẹ sì kọjá. Ẹ má gba ọ̀nà tí ẹ gbà wá padà. Tí ara ò bá gbé e, lọ́yà lè lọ láìsí yín, ẹ sọ fún un lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Ẹ ṣàyẹ̀wò kí ẹ tó jáde nílé:

- ẹ̀dà àṣẹ kóòtù
- nọ́ńbà lọ́yà lórí pépà, kì í ṣe nínú fóònù nìkan
- oògùn yín
- owó ọkọ̀ tó lè gbé yín jáde kúrò ní Òṣogbo tó bá di dandan

## Lẹ́yìn ìdájọ́

Ewu tún máa ń gòkè díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá jàre. Ẹ má dá ọtí fún gbogbo àdúgbò ní Ọlá-Ìyá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ sùn síbi tí ẹ ti ń sùn, ẹ jẹ́ kí àṣẹ tó ní kí wọ́n má mú yín wà nínú ìdájọ́ ìkẹyìn náà, torí ti ìgbà díẹ̀ ti parí pẹ̀lú ẹjọ́.

Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n jẹ́rìí sí lọ́sẹ̀ yẹn. Owó gbà-máà-bínú kì í wá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti san án, tí owó náà sì wà lápò ìjọba ní báńkì, òfin béèrè pé kí ẹ gba ìyọ̀ǹda Agbẹjọ́rò Àgbà kí kóòtù tó lè já a gbà. Ibẹ̀ ni ìwé ti ń pẹ́ jù. Kí lọ́yà kọ lẹ́tà náà kíákíá, kí ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀, kí ẹ sì máa bi í léèrè lóṣooṣù. Ìhà kejì ní oṣù mẹ́ta láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn; títí yóò fi kọjá, ẹ má tíì dá aṣọ àti fóònù tí ẹ fi pamọ́ padà sí lílò.